Orúkọ Ẹni Tó Parí Ìtàn Náà

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹwàá

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìdúró lẹ́yìn kámẹ́rà. Mo mọ̀ pé kí ẹ tó dé ìlà kejì ni ẹ ó ti máa kùn pé lẹ́tà yìí pẹ́. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe ọ̀rọ̀, pé èyí tí ẹ bá lè kó sínú àpótí ni tiyín. Lẹ́tà sì ń lo ọjọ́ mẹ́jọ lójú ọ̀nà.

Òkè kejì ni yàrá mi wà nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, àti fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Tí mo bá na ọwọ́ síta, ó kù díẹ̀ kí n fi kan ògiri náà. Àwa mẹ́rìnlá là ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo, mi ò sì mọ orúkọ ẹnìkankan nínú wọn. Ẹsẹ̀ wọn ni mo mọ̀. Mo mọ ẹni tó ń wọ́ sálúbàtà, mo mọ ẹni tó máa ń dúró lójijì lójú ọ̀nà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ní kíláàsì, ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá olùkọ́ bi mí ní ìbéèrè kan, mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀, kò là.

Ẹ gbọ́ èyí tó dára. Mo ti ríṣẹ́ tí mo ń ṣe tí mo bá kúrò ní kíláàsì. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni, wọ́n ń gbé géèmù jáde. Kì í ṣe tẹ́tẹ́ o, Màmá! Ìtàn ni, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń wò ó, àmọ́ ẹni tó ń wò ó ló ń rìn nínú rẹ̀, òun ló ń yan ọ̀nà tí wọ́n máa gbà àti ẹni tí wọ́n máa gbà là. Èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ dá lórí ọmọbìnrin kan tó gbé àtùpà lọ́wọ́, tó ń la afárá méje kọjá, tó ń wá àbúrò rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń gbé e jáde ní apá-apá. Oṣù tó ń bọ̀ ni apá tó gbẹ̀yìn máa jáde. Mo wà lára àwọn tó ń kọ ọ́.

Ẹ máa jókòó díẹ̀díẹ̀ láàárín oníbàárà kan sí èkejì, nítorí orúnkún yín.

Èmi ni Akọ̀wé yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá

Akọ̀wé mi, ọmọ tó ń ṣún ọ̀rọ̀ sọ,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bàbá kan wà lórí ìjókòó lábẹ́ iná, mo ti ní kó má mira, ni mo bá já lẹ́tà. Nígbà tí mo máa kà á tán, bàbá ti sùn lọ, ó la ẹnu sílẹ̀. Ó jí, ó ní, "Ìyá onífọ́tò, ṣé ẹ ti yà á?" Mo ní mo ti yà á tipẹ́, bàbá, ẹ sì rẹwà.

Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, ẹ̀yìn fọ́tò tó bàjẹ́ lo máa ń kọ ìtàn sí. Tí mo bá fẹ́ da fọ́tò nù, àfi kí n kọ́kọ́ yí i padà kí n wò ó bóyá ẹnìkan ń sá fún ìkookò lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá rẹ ló sọ ẹ́ ní Akọ̀wé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ì bá wà láyé kó gbọ́ èyí.

Ṣùgbọ́n mo bínú sí ọ. Èèyàn mẹ́rìnlá, ilé ìdáná kan, o ò mọ orúkọ ẹnìkan! Ṣé wọ́n ń gbowó lórí "ẹ káàárọ̀" níbẹ̀ ni? Ẹni tí kò bá mọ aládùúgbò rẹ̀, ta ni yóò ké sí?

Ọ̀gá Onífóònù, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi, ní òun ti ń gbá géèmù yẹn láti ọdún kìn-ín-ní. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọmọ mi wà lára àwọn tó ń kọ ọ́, ńṣe ló ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun gba bàbá arúgbó ọ̀nà afárá kẹrin là, pé kí o má jẹ́ kí nǹkan ṣe bàbá náà o. Mo ní mo gbọ́.

Ya fọ́tò ara rẹ ránṣẹ́ sí mi, níwájú ibi tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí. Kọjú sí ìmọ́lẹ̀, má kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Mo fẹ́ sọ ọ́ di ńlá kí n gbé e sínú gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó tí fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ, ọkọ ti kọ̀ ọ́, ó tó gẹ́ẹ́.

Ìyá rẹ tó ń yọ̀.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Fọ́tò náà rèé. Olùtọ́jú ẹnu ọ̀nà ló bá mi yà á, ó sì ń kánjú, ẹ má wo bí èjìká mi ṣe rí.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Tí ẹ bá máa gbé e síta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ká fọwọ́ sí ìwé pé a ò ní máa sọ ohun tí à ń ṣe níbí fún ará ìta. Kò sí nǹkan, òfin wọn ni.

Mo kí ẹni tó ń wọ́ sálúbàtà ní ilé ìdáná lánàá. Ó wò mí, ó yọ nǹkan létí, ó ní, "Kí lo sọ?" Mo ní mi ò sọ nǹkan kan.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá

Màmá mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Géèmù náà ti jáde láti ọjọ́ márùn-ún. Nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ló bí àwọn tó ń gbá a nínú. Fún ọdún mẹ́fà ni ilé-iṣẹ́ ti ń ṣèlérí fáwọn èèyàn pé ohun tí kálukú bá yàn ló máa sọ bí ìtàn tirẹ̀ ṣe máa parí. Ẹlòmíràn lo ọ̀sẹ̀ kan lórí afárá kan ṣoṣo, ó ń ronú ẹni tó máa fi sílẹ̀. Wọ́n wá dé afárá keje. Ilẹ̀kùn kan ṣí, ìmọ́lẹ̀ funfun bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wá kọ síbẹ̀ pé, "O ṣeun tí o bá wa rìn." Ó parí. Kò sẹ́ni tó rí ojú àbúrò yẹn. Ohunkóhun tí èèyàn ì báà yàn, ìmọ́lẹ̀ funfun kan náà ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n polówó géèmù tí wọ́n fẹ́ tà tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ẹ wò ó bíi pé ẹnìkan jókòó lábẹ́ iná yín fún ọdún mẹ́fà, ẹ wá fún un ní bébà funfun, ẹ ní kó máa lọ.

Lẹ́tà ń wọlé bí òjò. Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé, "Ọdún mẹ́fà! Mo ti gbéyàwó, mo ti bímọ méjì, orí mi ti pá, iná funfun lẹ wá fi san án fún mi?" Mo rẹ́rìn-ín sí ti ẹni yẹn. Mi ò rẹ́rìn-ín sí ti nọ́ọ̀sì kan tó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun jọ ń gbá a lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀gbọ́n náà ti ń ṣàìsàn. Ẹ̀gbọ́n kú nígbà tí wọ́n wà lórí afárá kẹfà. Ó ní, "Mo parí rẹ̀ fún àwa méjèèjì. Kí ni kí n lọ sọ fún un?"

Àwọn kan ò bèèrè nǹkan kan. Wọ́n kàn ń kọ ọ́ pé, "A máa mọ ẹni tó ṣe é." Gbólóhùn kan náà, láti ọwọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn.

Màmá, ẹ má sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Akọ̀wé.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kọkànlá

Akọ̀wé mi, ọmọ tó sọ mí di gbajúmọ̀,

Mi ò lè dúró de lẹ́tà rẹ kí n tó sọ èyí. Fọ́tò rẹ ti wà nínú gíláàsì! Mo fẹ̀ ẹ́ tó fi ga dé àyà mi, mo fi férémù dúdú sí i. O ní kí n má kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ yìí, fọ́tò tí kò ní orúkọ, ta ló máa mọ̀ pé tèmi ni? Mo kọ orúkọ rẹ, mo kọ orúkọ ilé-ìwé rẹ, mo wá kọ ọ́ gàdàgbà pé: ỌMỌ MI TÓ KỌ ÌTÀN TÍ GBOGBO AYÉ Ń WÁ.

Ọ̀gá Onífóònù gbé fóònù sókè, ó ya gíláàsì náà, ó sì fi ránṣẹ́ sáàárín àwọn tí wọ́n jọ ń gbá géèmù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó sáré wọlé tọ̀ mí wá, ó ní, "Màmá, ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ti rí ọmọ yín!" Ọ̀kẹ́ méjì! Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ya fọ́tò, mi ò ya ẹni tí ọ̀kẹ́ méjì ojú wò rí.

Ó yà mí lẹ́nu pé kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Ó ní kí n bi ọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí bàbá arúgbó rẹ̀.

Ìyá Akọ̀wé.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá

Màmá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín lónìí. Kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí tán, ẹ dìde, ẹ lọ yọ fọ́tò yẹn kúrò, kí ẹ wá padà wá kà á.

Ṣé ẹ ti yọ ọ́?

Wọ́n ti mọ ibi tí mo ń gbé. Orúkọ ilé-ìwé tí ẹ kọ síbẹ̀ ló mú wọn dé ibí. Àwọn àjèjì ń pè mí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí mo bá gbé e wọn ò ní sọ̀rọ̀, mímí nìkan ni mo ń gbọ́. Mo ti pa fóònù náà, mo ti yọ káàdì inú rẹ̀, mo ti ṣẹ́ ẹ. Nítorí náà ẹ má pè mí, ẹ ò ní bá mi. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí bébà funfun kan lábẹ́ ilẹ̀kùn mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "O ṣeun tí o bá wa rìn." Ní àná, wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi níbi iṣẹ́. Ife mi ni, eléyìí tí ẹ rà fún mi, tí etí rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀. Orí tábìlì ilé ìdáná wa ni wọ́n ti yà á. Inú ilé ni ẹni náà dúró sí, Màmá. Nínú àwọn mẹ́tàlá tó kù, mi ò mọ èwo ni.

Mo lọ bá ọlọ́pàá. Wọ́n ní ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn mí? Mo ní rárá. Wọ́n ní tó bá ti fọwọ́ kàn mí, kí n padà wá.

Ó wá ku ohun tó ń tì mí lójú. Mi ò kọ ìtàn náà. Mi ò kọ ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka lẹ́tà àwọn tó ń bínú, kí n pín wọn sí ìsọ̀rí, kí n sì fi gbólóhùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún wa dá wọn lóhùn. Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá wa wà, kò sí fèrèsé. Mo parọ́ fún yín nítorí pé mo mọ bí ojú yín ṣe máa rí tí ẹ bá kà á. Mo sì fẹ́ kí ojú yín rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ẹ sọ fún Ọ̀gá Onífóònù. Ẹ dákun, ẹ tètè fèsì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá

Màmá,

Mo mọ̀ pé bóyá àná ni lẹ́tà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, síbẹ̀ mo ti ń retí èsì. Mo ń ka ọjọ́. Bóyá lẹ́tà sọnù. Bóyá wọ́n ti wá sí ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá ti ronú kan ìyẹn, mi ò lè gbé oúnjẹ mì.

Ẹni tó ń kọ sí mi jù lọ lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ ń pe ara rẹ̀ ní Aṣọ́bodè. Mo kọ̀wé sí i pé mi ò mọ nǹkan kan nípa ìtàn náà, pé lẹ́tà lásán ni mò ń dáhùn. Ó fèsì kíákíá, ó ní, "Ìyá ẹ ló kọ ọ́ sára gíláàsì pé ìwọ ni. Ṣé ìyá ẹ ń parọ́?" Mo ní èmi ni mo parọ́ fún un. Ó ní, "Ó dáa. Tí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni? O wà nínú ilé-iṣẹ́ yẹn. Fún mi lórúkọ, a ó fi ẹ́ sílẹ̀. O ní títí di ogúnjọ́ oṣù yìí." Lábẹ́ rẹ̀ ni fọ́tò ilẹ̀kùn yàrá mi. Sálúbàtà mi wà níwájú rẹ̀, nítorí náà mo wà nínú yàrá nígbà tó yà á.

Mo mọ orúkọ ẹni tó kọ ìtàn náà. Òkè kẹta ilé-iṣẹ́ wa ló ti ń ṣiṣẹ́, Ìyá Ìtàn là ń pè é. Obìnrin kékeré ni, omi gbígbóná lásán ló máa ń mu, kì í fi nǹkan kan sí i. Òun nìkan ló ń kí mi ní ilé-iṣẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ kan, nídìí omi gbígbóná, ó sọ fún mi pé òtọ̀ ni ìgbẹ̀yìn tí òun kọ: ọ̀nà mọ́kànlélógójì, fún gbogbo ohun tí èèyàn lè yàn. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ kó jáde kí ọdún tó parí, ni wọ́n bá gé gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n fi iná funfun dí i. Orúkọ rẹ̀ ni yóò sì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n bá wádìí. Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó wá da omi tó kù nínú ife rẹ̀ nù.

Mo bẹ ọ̀gá wa kó bá mi kéde pé èmi kọ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ kì í sọ ẹni tó kọ nǹkan àti ẹni tí kò kọ ọ́. Ó ní, "Inú ń bí wọn ni. Ó máa rọlẹ̀."

Kí ni kí n ṣe? Ẹ sọ fún mi. Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa ṣe.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá

Ọmọ mi,

Lẹ́tà tó sọ ti irọ́ dé lọ́jọ́ kẹta. Mi ò fèsì. Mo gbé bírò, mo gbé e sílẹ̀. Mi ò ní fi bò fún ọ: ó dùn mí dé egungun. Kì í ṣe iṣẹ́ tí o ń ṣe ló dùn mí. Ìgbà wo ni mo sọ pé ẹni tó ń dáhùn lẹ́tà kì í ṣe èèyàn? Èmi tí mò ń sọ fún àwọn òbúrẹ́wà pé wọ́n rẹwà?

Mo ti yọ fọ́tò náà. Mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé ọmọ mi ò kọ ìtàn kankan, pé irọ́ ni mo kọ sára gíláàsì. Ọ̀gá Onífóònù ní, "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọn fèrè rẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹ ti wá fẹ́ gbé e mì?" Àwọn tó dúró tì í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun gíláàsì mi látòkè délẹ̀. Mò ń ha á, kò tán.

Lónìí ni ti Aṣọ́bodè dé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Gbọ́ mi. Ẹni tó ni ẹrù ni kó gbé ẹrù rẹ̀. Mi ò bí obìnrin yẹn, ìwọ ni mo bí, ọ̀kan ṣoṣo. Fún wọn lórúkọ rẹ̀. Má ronú, má wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ilé-iṣẹ́ ńlá á dáàbò bò ó, ìwọ ta lo ní?

Mo ti san owó kí lẹ́tà yìí lè dé kí ogúnjọ́ tó kọjá.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejìlá

Ọmọ mi, ọmọ mi,

Fa lẹ́tà tí mo kọ lánàá ya. Tó bá jẹ́ èyí lo kọ́kọ́ rí, má já èkejì rárá. Má fún wọn lórúkọ ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń ha ọ̀dà, mo rántí ohun kan tí mi ò sọ fún bàbá rẹ títí ó fi kú. O ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ọkùnrin kan wọlé, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó kí mi títí. Ó ní òun ń wá fọ́tò ìyàwó òun tí mo yà lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé òun fẹ́ fi yà á lẹ́nu. Obìnrin yẹn ti sọ fún mi nígbà tí mo ń yà á pé ìwé ìrìnnà ni fọ́tò náà wà fún, pé kí n má fi han ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní, ó ṣe tán, ìyàwó ẹ̀ náà ni. Mo fún un. Mo tún sọ ọjọ́ tí obìnrin náà ní òun ń bọ̀ wá gbà á fún un.

Obìnrin náà ò wá gbà á. Kò wá mọ́ láé. Ó lé lógún ọdún, ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ wá.

Àwọn tó ń bèèrè orúkọ kì í sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Kúrò nílé yẹn, lọ sùn sí ilé-ìwé, lọ jókòó sí iwájú ilé ọlọ́pàá, padà wálé bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ọmọ mi. Mo ń sáré gbé èyí lọ síbi ìfìwéránṣẹ́, mi ò tíì wọ bàtà.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejìlá

Màmá mi,

Lẹ́tà yín àkọ́kọ́ dé ní ogúnjọ́, ní ọ̀sán. Ìkejì dé láàárọ̀ yìí.

Mo fún wọn. Ní aago mẹ́rin ogúnjọ́, mo kọ orúkọ rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Aṣọ́bodè fèsì pé, "O ṣeun." Kò kọ nǹkan mìíràn mọ́. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo se oúnjẹ, mo jẹ àjẹyó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kan. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Mo jẹ àjẹyó.

Lánàá, mo jókòó sídìí iṣẹ́ mi. Kó tó di aago mẹ́wàá, lẹ́tà igba ó lé méjìlá ti wọlé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú wọn. Èmi ni wọ́n ń sanwó fún láti kà wọ́n. A ní ìsọ̀rí fún ẹni tó fẹ́ gba owó rẹ̀ padà, a ní fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́, a ò ní ìsọ̀rí fún èyí. Fọ́tò ilẹ̀kùn pupa kan wà nínú ọ̀kan lára wọn, ọ̀pá ìtìlẹ̀ arúgbó fara ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán, Ìyá Ìtàn sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá wa. Àwọn ará òkè kẹta kì í wá síbẹ̀. Ó di fóònù rẹ̀ mú bí ẹni di ìkòkò gbígbóná mú. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń dá wọn lóhùn. Jọ̀wọ́, kí ni mo máa sọ fún wọn?" Èmi ló wá bá, Màmá. Nínú gbogbo ilé-iṣẹ́, èmi ló gbà pé mo lè ran òun lọ́wọ́. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹnu mi kò là. Mo tẹ gbólóhùn wa fún un: "A ti gbọ́ ohùn yín, a dúpẹ́ pé ẹ fẹ́ràn ìtàn wa." Ó kà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gùn òkè lọ.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà yín kejì, mo gùn lọ sí òkè kẹta. Mo dúró níwájú tábìlì rẹ̀, mo ní, "Èmi ni mo fún wọn lórúkọ yín. Wọ́n sì ti mọ ilẹ̀kùn yín, pupa ni, ọ̀pá kan wà níbẹ̀." Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìdúró, títí kan ti ife mi. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá mi nìkan ló wà nílé." Ó fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré. Mo gbé báàgì náà, mo sáré tẹ̀ lé e.

Ó ní kí n má bá òun wọlé. Òdìkejì títì ni mo wà báyìí, lórí àtẹ̀gùn ilé ìtajà kan tó ti kógbá sílé, orí orúnkún mi ni mo ti ń kọ èyí kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Ọlọ́pàá ní àwọn ń bọ̀, lọ́tẹ̀ yìí mo pariwo mọ́ wọn lórí fóònù onílé ìtajà ẹ̀gbẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ kò lè rìn kíákíá. Mò ń rí àwọn méjèèjì lójú fèrèsé ilé wọn, ọmọ ń fi ẹ̀wù sí ìyá lọ́rùn, apá kan, apá kejì.

Mò ń wo gbogbo ẹni tó bá dúró lójú títì yìí. Ìyá kan dúró, ó so okùn bàtà, ó lọ. Ọkùnrin kan dúró, kò lọ. Ó wọ́ sálúbàtà bó ṣe ń bọ̀, bíi ti ẹni ilé ìdáná wa. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn.

Ilẹ̀kùn pupa ti ń ṣí. Ọkùnrin náà ti gbé fóònù rẹ̀ sókè láti ya wọ́n. Mo ń lọ dúró síwájú rẹ̀, Màmá, kí ó lè jẹ́ pé ojú tèmi nìkan ló máa rí.